Àìsàn Tó Sọ Mí Di Òṣìṣẹ́ Méjì

Ìwọ tí wọ́n ń sọ níbi iṣẹ́ pé o mọ iṣẹ́ lónìí, o ò mọ̀ ọ́n mọ́ lọ́la. Ìwọ tí ọ̀gá rẹ rò pé ò ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Àti ìwọ tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ àìsàn yìí fún, tí oorun ò kùn ọ́ láti ìgbà náà, ẹ̀yin ni mo jókòó kọ̀wé sí. Mùínátù ni orúkọ mi. Ọmọ Ẹ̀gùá ni mí, ní ẹ̀bá ibodè, ṣùgbọ́n Ìlaròó ni mo ń gbé, ibẹ̀ náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ojú mi rí láàárín ọdún méjì ni mo fẹ́ sọ. Mi ò kọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹnu ṣì ń yà mí ni.

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ni mo wà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bá dé, èmi ni mo máa ń gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ lójú wíńdò, n ó yẹ̀ ẹ́ wò, n ó fi wé èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà, n ó sì tẹ orúkọ rẹ̀ sí i. Tí a bá ti parí ti ọ̀wọ́ kan, èmi náà ni n ó pe orúkọ wọn síta kí wọ́n wá gba fáìlì wọn. Ó ti lé ní ọdún mẹ́jọ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn kí ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò fi yangàn, ṣùgbọ́n bí fáìlì kan bá sọnù, èmi ni wọ́n máa ń wá. Ọ̀gá wa, Alàgbà Fáṣínà, ọmọ Ìhùnbọ̀, jẹ́ ọkùnrin kan tí kì í yin èèyàn. Síbẹ̀ ó sọ lọ́jọ́ kan létí gbogbo wa pé, "Bí Mùínátù bá ti wà lójú wíńdò, ọkàn mi balẹ̀."

Ojú ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ ni, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Mo ń wo orúkọ ọmọ kan nínú kọ̀ǹpútà, mo rí i pé orúkọ náà ti di méjì, ọ̀kan gun orí èkejì. Mo fi ọwọ́ nu ojú. Ó ṣì jẹ́ méjì. Mo di ojú kan, ó di ẹyọ kan. Mo la méjèèjì, ó tún di méjì. Mo ní eruku ọyẹ́ ni. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, tí mo dé ibi iṣẹ́, gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀ kedere bíi ti tẹ́lẹ̀, mo sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

Lẹ́yìn náà ni ìpéǹpéjú mi òsì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Kì í wálẹ̀ láàárọ̀. Tó bá ti kọjá ọ̀sán ni yóò máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ wíńdò tí okùn rẹ̀ ti dẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan bi mí pé, "Mà, ṣé ẹ ń sùn ni?" Ọkùnrin kan rò pé mo ń ṣẹ́jú sí òun, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń wo ẹ̀yìn bóyá àwọn ọ̀rẹ́ òun rí i. Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ohùn tẹ̀ lé e. Bí mo bá ń pe orúkọ, ogún àkọ́kọ́ a jáde gbọnmọgbọnmọ. Nígbà tí n ó bá fi dé ogójì, imú ni mo ti ń fi sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀fìnkìn mú. Bí mo bá ń jẹ ẹran, àgbọ̀n mi a rẹ̀ láàárín, n ó sì fi ọwọ́ gbé e kí n tó lè jẹ èyí tó wà lẹ́nu tán. Bí mo bá gbé ọwọ́ sókè láti wé gèlè, ọwọ́ náà a máa wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò dùn mí o. Ẹ fetí sí ibẹ̀ yẹn dáadáa, nítorí ìrora la máa ń fi mọ àìsàn. Kò sí ibi tó ń dùn mí. Agbára ló kàn ń tán, bí ìgbà tí wọ́n bá ń da omi nù nínú korobá.

Ọkọ mi, Bàbá Sùkùrá, tí í ṣe olùkọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìgbógílà, ló rí ohun tí èmi fúnra mi ò rí. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan tó pa mí lẹ́rìn-ín nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ló bá tẹjú mọ́ mi.

Ó ní, "Ẹ̀rín rẹ ti yí padà."

Mo ní, "Báwo ló ṣe yí padà?"

"Ò ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ dà bíi ti ẹni tó ń bínú. Ẹnu rẹ ò gòkè mọ́."

Mo lọ wo dígí. Òótọ́ ni. Mo sọ fún ojú mi pé kó rẹ́rìn-ín, kò gbọ́ tèmi. Ẹ̀rù bà mí fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó da gbogbo ayé rú ni pé kì í ṣe ojoojúmọ́. Ká ní ó dúró sójú kan ni, ẹnikẹ́ni ì bá ti mọ̀ pé ara mi ò yá. Ní ọdún Iléyá, wọ́n fún wa ní ìsinmi. Mo sùn, mo jẹun, mo tún sùn. Nígbà tí mo padà síbi iṣẹ́, iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta ni mo ṣe lọ́jọ́ náà, ẹyọ àṣìṣe kan ò sí níbẹ̀. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, mo fi ìwé-ẹ̀rí ọmọkùnrin kan sínú fáìlì ẹlòmíràn, mo tẹ orúkọ ọmọ mìíràn sí ẹ̀ka tí kì í ṣe tirẹ̀, wọ́n sì ní kò sí orúkọ rẹ̀ níbi tó yẹ kó wà. Ọmọ náà, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀ ní ìgbèríko, dúró lójú wíńdò mi, ó ń sunkún. Mo bẹ̀ ẹ́, a tún un ṣe, ṣùgbọ́n Alàgbà Fáṣínà ti gbọ́. Ó pè mí sí yàrá rẹ̀.

"Mùínátù, ta ló ṣe iṣẹ́ ọjọ́ Ajé?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló wá ṣe ti Ọjọ́bọ̀?"

"Èmi náà ni, sà."

Ó mi orí. "Kò lè jẹ́ ẹnì kan náà. Iṣẹ́ rẹ ti dà bí iná ìjọba, a ò mọ ìgbà tó máa dé, a ò mọ ìgbà tó máa lọ. Ká ní o ò mọ̀ ọ́n ṣe ni, ǹ bá kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n o mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ó rẹ̀ mí? Ta ni kò rẹ̀ ní Nàìjíríà? Nígbà tí ó yá, wọ́n fún mi ní kúẹ́rì. Mo kọ èsì sí i pé ara mi ni kò yá, wọ́n sì ní kí n mú ìwé dókítà wá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tiwọn. Àwọn kan ní mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù síbì kan, pé agbára tí mo ń lò níbẹ̀ ni kì í kù mọ́ fún iṣẹ́ ìjọba. Àwọn míì ní oyún ni. Ẹnì kan tí a jọ máa ń jẹun ní mo ń díbọ́n, nítorí òun fúnra rẹ̀ rí mi láàárọ̀ tí mò ń sáré gun àtẹ̀gùn. Kò purọ́. Mo sáré gun àtẹ̀gùn lóòótọ́.

Mo lọ wá ìwé dókítà. Ilé ìwòsàn ojú ni mo kọ́kọ́ lọ. Bí mo ti kírun àárọ̀ tán ni mo jáde nílé kí n lè tètè gba káàdì, àwọn èèyàn sì ti kún ibẹ̀ ṣáájú mi. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo di ojú, mo fi orí ti ògiri fún wákàtí mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ mi, dókítà tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú mi, ó ní kí n ka lẹ́tà ara ògiri, mo kà á dé ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó ní, "Ojú yín mọ́ ju ti èmi gan-an lọ." Ó fún mi ní awò kan pé kí n máa lò ó bí mo bá ń wo kọ̀ǹpútà. Mo dé ẹnu iṣẹ́, ọ̀sán pọ́n, orúkọ tún di méjì lábẹ́ awò.

Bákan náà ló rí ní ilé ìwòsàn kejì àti ẹ̀kẹta. Bí mo bá ti jókòó pẹ́ lórí ìlà, ara mi á ti sinmi tán kó tó kàn mí. Àìsàn mi a máa sá fún dókítà bí ọmọdé ṣe ń sá fún abẹ́rẹ́. Wọ́n ní ibà ni. Wọ́n ní àròjù ni. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọlúàbí èèyàn, ní kí n lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo sinmi, ara mi yá, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò pé ọjọ́ mẹ́rin tí ohun gbogbo padà sí bó ṣe wà.

Nílé náà, ọ̀rọ̀ ò rọrùn. Màmá mi ń ta gaàrí àti àgbàdo lọ́jà Ẹ̀gùá, ó sì ti tọ́ wa dàgbà níbẹ̀. Lójú tirẹ̀, kò sí ìbéèrè nínú ọ̀rọ̀ náà. "Ọmọ mi, ayé ni. Ta ló ń ríṣẹ́ ṣe báyìí tí ojú ò ní wọ̀ ọ́ lára? Ní àárọ̀ wọn ò tíì jí, ara rẹ á le. Tí wọ́n bá ti jí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fà ọ́." Ó gba omi àdúrà fún mi. Ó se àgbo fún mi, ó dá ọjọ́ tí n ó máa mu ún. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Ráfíù, tó ń ra ẹ̀yà ara ọkọ̀ láti ìhà ọ̀dọ̀ àwọn Faransé wá sí Ìlaròó, ní rọpá-rọsẹ̀ ló fẹ́ mú mi, ó sì mú oògùn kan wá láti Àjàṣẹ́ lẹ́yìn ibodè, tí èdè Faransé kún ara páálí rẹ̀. Ọkọ mi ní kí n má lo ìkankan láìjẹ́ pé dókítà fọwọ́ sí i. Màmá mi wá bi í léèrè pé dókítà wo? Ṣé èyí tó ní ojú ọmọ òun mọ́? Wọ́n ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún bí oṣù kan.

Mo lo gbogbo rẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ìbẹ̀rù kì í jẹ́ kéèyàn ṣe àṣàyàn. Ohun tí mo sì wá mọ̀ nígbà tí ojú mi là ni pé oògùn yòówù tí mo bá lò lálẹ́, àárọ̀ ló ń gba ìyìn rẹ̀. Mo mu àgbo sùn, mo jí, ara mi yá, Màmá ní àgbo ni. Mo lo ti Ráfíù sùn, mo jí, ara mi yá, Ráfíù ní òun kúkú ti sọ. Oorun ló ń ṣiṣẹ́. Oorun tí Ọlọ́run ń fún olówó àti tálákà, tí ẹnikẹ́ni ò dúpẹ́ rẹ̀, òun ló ń tún mi tò ní gbogbo òru, tí ọ̀sán sì ń tú mi palẹ̀.

Ní òjò ọdún kejì, mo lọ kí Màmá mi ní Ẹ̀gùá. Ibà gbé mi ṣánlẹ̀ lóòótọ́ nígbà yẹn, ara mi gbóná. Ráfíù pe ọkùnrin olóògùn kan láàárín ìlú, ó wá gún mi ní abẹ́rẹ́ ibà. Mi ò dá a lẹ́bi. Abẹ́rẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà tí wọ́n fi ń dìde ni. Ṣùgbọ́n irú àìsàn tèmi àti abẹ́rẹ́ yẹn kì í bára wọn gbé, kò sì sí ẹni tó mọ̀ láàárín wa.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Màmá fi ẹ̀kọ gbígbóná sí mi lẹ́nu. Mo gbé e mì, ó gba imú jáde. Mo fẹ́ sọ pé, "Màmá, ẹ dúró," kò sí ohùn. Orí mi tẹ̀ síwájú, ọrùn ò lè gbé e. Ojú mi méjèèjì padé. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé èémí tí mò ń mí ti ń kéré, bí ẹni tí wọ́n gbé òkúta lé láyà.

Màmá mi di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú. "Mùínátù, wò mí! Wò mí! Ráfíù, ó ti ń lọ o!"

Mò ń gbọ́ ọ. Ohun tí kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní nìyẹn. Ọpọlọ mi mọ́ bí omi kànga. Mo gbọ́ ohùn ìyá mi, mo gbọ́ adìẹ lẹ́yìnkùlé, mo gbọ́ bí Ráfíù ṣe ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Mo sọ fún ọwọ́ mi pé kó di ọwọ́ ìyá mi mú kó lè mọ̀ pé mo ṣì wà. Ọwọ́ náà ò gbọ́. Èmi wà nínú ilé, gbogbo ilẹ̀kùn ti tì. Mo ka kálímà nínú ọkàn mi.

Ráfíù wa ọkọ̀ gba Ayétòrò lọ sí Abẹ́òkúta, sí ilé ìwòsàn ńlá kan. Màmá jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú mi, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé àgbọ̀n mi sókè ní gbogbo ọ̀nà, afẹ́fẹ́ sì ń ráyè wọlé. Kò mọ ìdí tó fi ń ṣe é. Dókítà sọ fún un lẹ́yìn náà pé ohun tó jẹ́ kí wọ́n bá mi láàyè nìyẹn.

Ẹ̀rọ ló mí fún mi fún ọjọ́ márùn-ún. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, dókítà obìnrin kan tí a ń pè ní Dókítà Bísí wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi. Gbogbo dókítà tí mo ti rí, "Níbo ló ń dùn yín?" ni wọ́n máa ń bi mí. Òun ní, "Ìgbà wo ni ara yín máa ń le jù, ìgbà wo ló sì máa ń rẹ̀ yín jù?"

Mi ò tíì lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Ọkọ mi ní, "Dókítà, àárọ̀ kùtù ló ń jáde nílé, ìrọ̀lẹ́ ló ń wọlé. Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n lọ́sàn-án." Ó jáde, ó lọ fi fóònù pe Alàgbà Fáṣínà.

Ọ̀gá mi fúnra rẹ̀ dé lọ́jọ́ kejì láti Ìlaròó. Ìwé àjákọ aláwọ̀ búlúù kan wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ó dúró lẹ́sẹ̀ ibùsùn mi, kò jókòó, kò sì wò mí lójú.

"Mùínátù, mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Láti ìgbà tí mo ti fún ọ ní kúẹ́rì ni mo ti ń kọ ohun tí ò ń ṣe sínú ìwé yìí, wákàtí sí wákàtí. Iwájú ìgbìmọ̀ ni mo fẹ́ gbé e lọ, kí wọ́n lè dá ọ dúró. Ọkọ rẹ ní dókítà ń bèèrè bí iṣẹ́ rẹ ṣe ń rí lójoojúmọ́. Òun nìyí."

Dókítà Bísí gbà á, ó ṣí i. Bó ṣe ń kà á, ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó kà á sókè fún wa: "Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án, iṣẹ́ rẹ̀ pé, kò sí àbùkù. Aago méjìlá, ó dára. Aago méjì, ó di ojú kan kó tó lè kàwé. Aago mẹ́ta, ohùn rẹ̀ ti lọ, mo ní kí ẹlòmíràn máa pe orúkọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oòrùn mú gan-an, ó ti rẹ̀ ẹ́ kí aago mọ́kànlá tó lù. Ọjọ́rú, iná lọ, kò síṣẹ́ láàárọ̀, ó jókòó lásán. Lọ́sàn-án, iṣẹ́ rẹ̀ pé."

Ó ṣí ojú ewé mìíràn, ó tún ṣí òmíràn. Bákan náà ló rí látòkè délẹ̀. Dókítà gbé orí sókè. Omi wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ìwé tí ẹ kọ yìí, kò sí dókítà kankan tó tíì kọ irú rẹ̀ nípa obìnrin yìí. Ẹ ti kọ orúkọ àìsàn rẹ̀ síbí láìmọ̀."

Ó rán nọ́ọ̀sì kan lọ sẹ́nu géètì, níbi tí wọ́n ti ń ta omi inú ọ̀rá, pé kó ra èyí tó ti dì bí òkúta. Nígbà tó dé, ó fi aṣọ wé e, ó ní kí n di ojú, ó sì gbé e lé ìpéǹpéjú òsì mi tó ti wà nílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ náà. Ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Otútù náà wọ̀ mí dé ọpọlọ. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú méjì, ó gbé yìnyín náà kúrò, ó nu ojú mi.

Ó ní, "Ẹ là á."

Mo là á. Ojú náà là. Kò là díẹ̀ o, ó là pátápátá, bíi ti ọjọ́ tí wọ́n bí mi. Mo rí Màmá mi, ẹyọ kan ṣoṣo ni, kì í ṣe méjì. Mo rí ìlà orí iwájú rẹ̀. Mo rí Alàgbà Fáṣínà tó di irin ibùsùn mú.

Màmá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Súbúhánálláhì! Omi dídì lásán? Omi dídì tí wọ́n ń tà lẹ́nu géètì?"

Dókítà ní, "Ìyá, kì í ṣe omi náà ló ń wò ó sàn. Ìpéǹpéjú yẹn máa tó tún wálẹ̀. Mo fẹ́ fi hàn yín pé ojú yẹn ò kú ni." Òótọ́ sì ni, kò pẹ́ tó fi wálẹ̀. Ó wá ṣàlàyé fún wa lédè tó yé ìyá mi. Ó ní ọpọlọ ló ń ránṣẹ́ sí iṣan pé kó ṣe báyìí, kó ṣe báyẹn. Ẹnu ọ̀nà kékeré kan wà lára iṣan tí iṣẹ́ náà ń gbà wọlé. Àwọn ọmọ ogun tí Ọlọ́run fi sínú ara láti bá àrùn jà ti ṣì mí mú ní ọ̀tá, àwọn ni wọ́n ń dí ẹnu ọ̀nà náà. Bí mo bá ti sinmi, iṣẹ́ tó ń bọ̀ láti ọpọlọ a lágbára, yóò ráyè wọlé. Bí mo bá ti ń lo iṣan náà lọ, iṣẹ́ náà á máa rọ̀, kò ní lè wọlé mọ́. Ooru ń dá kún un. Máyásíníà ni wọ́n ń pè é.

Màmá mi ní, "Ṣé kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀?"

"Kò sí, Ìyá. Ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni."

Ìyá mi ní, "Nígbà náà, mo ti ṣẹ àwọn ará ọ́fíìsì yín nínú àdúrà mi." Alàgbà Fáṣínà ní, "Ìyá, èmi gan-an ni mo ṣẹ̀ jù níbẹ̀." Ó jókòó tì í sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Wọ́n fún mi ní oògùn kan, oníhóró kékeré. Mo gbé e mì pẹ̀lú ìṣòro. Kó tó pé wákàtí kan, mo ní kí wọ́n fún mi ní ẹ̀kọ. Mo mu ún. Kò gba imú jáde. Mo tún mu òmíràn. Mò ń sunkún, mò ń mu ẹ̀kọ. Mo ti ń gbé nǹkan mì láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ ìyanu ni.

Mi ò ní sọ fún yín pé àìsàn náà ti lọ. Kò lọ. Mò ń lo oògùn láago láago, òmíràn tún wà tó ń pẹ̀tù sí àwọn ọmọ ogun ara mi, èyí sì mú kí ojú mi wú. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n wá oògùn náà tì ní Ìlaròó àti Abẹ́òkúta. Ráfíù, tí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀, gba ibodè lọ sí Àjàṣẹ́, láti fámásì dé fámásì, ìwé tí dókítà kọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dé pẹ̀lú páálí mẹ́rin. Kí ó tó fún mi, ó gbé e lọ fi han dókítà. Mi ò sọ fún un pé kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ò bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá mi tún un tò: ohun tó bá gba ojú, àárọ̀ ni mò ń ṣe é. Ẹlòmíràn ló ń pe orúkọ. Ní agogo méjìlá, mo máa ń lọ dùbúlẹ̀ sórí ẹní lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, kò sì sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọjọ́ kan ṣì wà tí mi ò lè ṣe ju ìdajì lọ. Mo máa ń sọ fún wọn láàárọ̀, wọ́n á sì mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n gún yín lábẹ́rẹ́ láìsọ orúkọ àìsàn yín fún ẹni tó fẹ́ gún un. Bí gbígbé nǹkan mì bá ti ń ṣòro, ẹ má dúró de àárọ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ máa kọ wákàtí tó ń rẹ̀ yín sílẹ̀, kí ẹ mú un lọ bá dókítà, nítorí ara yín lè ṣe bí ẹni tó dá ṣáṣá lójú rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá, kí ẹ tó pe èèyàn ní ọ̀lẹ, ẹ wo aago.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ fi ara han dókítà. Nọ́ọ̀sì kan ní kí n fa èémí sínú, kí n máa ka oókan eéjì sókè láìtún mí, títí èémí yóò fi tán. Ó wo fáìlì mi, ó ní ọjọ́ tí wọ́n yọ ẹ̀rọ lẹ́nu mi, mẹ́rin ni mo kà. Mi ò rántí rẹ̀ rárá. Mo fa èémí sínú, mo bẹ̀rẹ̀. Mo kọjá mẹ́wàá. Mo kọjá ogún. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì dákẹ́, wọ́n ń fi ètè bá mi kà á. Nígbà tí mo dé ọgbọ̀n, nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan èjìká mi, ó ní, "Ìyá Sùkùrá, ó ti tó, ẹ mí." Mo mi orí fún un. Ó ṣì kù nínú mi. Mò ń kà á lọ.